Omi Ni Mò Ń Sìn

Ẹja mẹ́fà ni mo rà. Láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án, ẹyọ kan ló kù, ìyẹn náà sì ń wò mí láti inú gíláàsì bí ẹni tí mo jẹ ní gbèsè.

Kí ẹnikẹ́ni tó pè mí ní òǹrorò, ẹ jẹ́ kí n ro ẹjọ́ mi. Ìkòsí, ní Kẹ́tù, ni mò ń gbé, yàrá méjì àti pálọ̀, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Àwọn ìbejì mi, Táíwò àti Kẹ́hìndé, lọ bá ọ̀rẹ́ wọn ṣe ọjọ́ ìbí ní Màgódò, wọ́n rí àpótí gíláàsì kan níbẹ̀ tí ẹja aláwọ̀ mèremère ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti gbádùn mọ́. Mo ní ẹja wà nínú ìkòkò ọbẹ̀, kí wọ́n lọ wò ó. Wọ́n ní èyí tó ṣì ń mira ni àwọn ń wí.

Ọmọkùnrin tó tà á fún mi, mi ò ní í dárúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, torí iwájú ibẹ̀ ni mo ti ń wọ ọkọ̀ láràárọ̀. Ó ta àpótí tó ń gba omi lítà 80 fún mi. Ó ta òkúta aláwọ̀ búlúù, ó ta igi ọ̀pẹ oníke, ó ta ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sómi, ó ta fíltà tí fóòmù dúdú kan wà nínú rẹ̀. Ó tún ta ọ̀pá kan tó ń mú omi gbóná. Ẹ tún un kà: ohun tó ń mú omi gbóná! Ní Kẹ́tù! Nínú oṣù kẹta, tí omi táǹkì orí òrùlé fúnra rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tẹ ẹ̀bà! Mo sanwó rẹ̀ o. Ojú máa ń ti àgbàlagbà láti sọ pé nǹkan ò yé òun.

Gbogbo ohun tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ló tà fún mi, àfi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: dúró. Mo bi í pé ìgbà wo ni mo lè kó ẹja sí i. Ó ní, "Ọ̀gá mi, bómi bá ti kún báyìí, ẹ wá kó wọn."

Ká tiẹ̀ kọ́kọ́ sọ ti omi náà. Páìpù omi ìjọba wà níwájú ilé wa. Àgbò iléyá la máa ń so mọ́ ọn. Bọ́ọ̀hò láńlọ́ọ̀dù ni gbogbo wa ń lò. Omi rẹ̀, tá a bá pọn ọ́n lálẹ́, á mọ́ gaara. Tó bá di àárọ̀, ó ti di tíì. Ọdún kẹjọ rèé tí mo ti ń rí i bẹ́ẹ̀, mi ò bi í léèrè ohun tó ń ṣe é, torí kò ba nǹkan míì jẹ́ fún mi ju ṣẹ́ẹ̀tì funfun lọ. Ìgbà tí mo bu ú kún àpótí gíláàsì ló tó tàbùkù mi. Táíwò jí láàárọ̀, ó dúró níwájú rẹ̀, ó ní, "Dádì, ta ló po tíì sínú ilé ẹja?"

Irin ló wà nínú rẹ̀. Irin pọ̀ nínú omi abẹ́ ilẹ̀ Èkó. Tó bá ṣì wà nísàlẹ̀ níbi tí atẹ́gùn kò dé, irin náà á yọ́ mọ́ omi, ojú ò ní í rí i. Tó bá ti jáde tí afẹ́fẹ́ kàn án, á dógùn-ún, á pọ́n, á wá rọ̀ sísàlẹ̀ bíi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Ìyàwó mi ní kí n ju álọ́ọ̀mù sí i, pé bí ìyá òun ṣe ń ṣe omi kànga nìyẹn. Ọpẹ́lọpẹ́ pé álọ́ọ̀mù ti tán nílé. Omi tó ti kan díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ wá ni omi bọ́ọ̀hò wa, álọ́ọ̀mù ì bá sì tún sọ ọ́ di omi ọsàn wẹ́wẹ́.

Mo wá dá ọgbọ́n Èkó. Mo ní píọ́ wọ́tà ni n ó fi kún un. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: lítà 80, ọ̀rá kan gba ìdajì lítà, ó di ọ̀rá 160, ogún ló wà nínú àpò kan, ó di àpò mẹ́jọ. Mo gbé àpò mẹ́jọ gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo ń fi eyín ya ọ̀rá lọ́kọ̀ọ̀kan, mò ń dà á sí i. Àwọn ìbejì ń kà á fún mi. Nígbà tí mo fi máa dé ọgọ́rùn-ún, eyín iwájú mi ti ń ro mí, ètè mi ti bó, òórùn ọ̀rá ti gba gbogbo ọ̀nà ọ̀fun mi. Kẹ́hìndé ní, "Dádì, ó ku ọgọ́ta." Mo wò ó, mo rán ara mi létí pé èmi ni mo bí i.

Ṣùgbọ́n omi náà mọ́! Mo sáré lọ kó goldfish mẹ́fà, ọmọkùnrin yẹn fẹ́ atẹ́gùn sínú ọ̀rá wọn, mo gbé wọn lé itan nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá délé. Ọjọ́ kìíní, inú wa dùn. Ọjọ́ kejì, a ṣí kọ́tìnnì sílẹ̀ lálẹ́ kí àwọn ará òdìkejì lè rí wa. Ọjọ́ kẹta, omi funfun bí omidùn. Ọjọ́ kẹrin, gbogbo wọn wá sókè, wọ́n ń yanu bí èrò inú dáńfó tí fèrèsé rẹ̀ kò ṣeé ṣí. Mo rò pé ebi ni, mo bu oúnjẹ sí i. Ọjọ́ karùn-ún, ọ̀kan fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Mo da gbogbo omi nù, mo fi kàn-ìn-kàn-ìn bó òkúta, mo tún fi eyín ya ọ̀rá 160. Mẹ́rin tún tẹ̀ lé e láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Ẹyọ kan tó kù ni àwọn ọmọ sọ ní Aṣẹ́kù.

Lópin ọ̀sẹ̀ yẹn ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wá kí wa, ó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹja sínsìn ní Abẹ́òkúta. Ó wo àpótí náà, ó wo èmi. "Àǹkù, ẹ ò tíì lómi."

Mo fi ètè mi hàn án. Mo ní kí wá ni mo fi eyín mú wọlé?

"Èyí tó wà níbẹ̀ mọ́ lójú ni, Àǹkù. Kò tíì dàgbà."

Èmi tí mo ti lé lógójì ọdún, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé omi ń dàgbà.

Ó jókòó, ó là á yé mi. Ẹja kì í lọ sí ṣáláńgá. Ibi pupa tó fi ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀, ibẹ̀ náà ni amóníà ti ń jáde, ohun kan náà tó ń ta yín nímú tẹ́ ẹ bá gba ẹ̀yìn gáréèjì tí wọ́n kọ "Ẹ má tọ̀ síbí" sí kọjá. Nínú odò, omi á gbé e lọ. Nínú àpótí tèmi, ibẹ̀ ló dúró sí, òun náà ni ẹja sì ń mí sínú. Oúnjẹ tí mo ń fi àánú bù sí i, èyí tí wọn ò jẹ tán jẹrà nísàlẹ̀, ó di amóníà sí i. Ìyẹn ni pé ọwọ́ àánú yìí náà ló lọ́wọ́ nínú ikú wọn.

Àwọn tó ń gba ẹja là ni kòkòrò tójú ò lè rí. Ìsọ̀rí méjì ni wọ́n. Ti àkọ́kọ́ á jẹ amóníà, á sọ ọ́ di náítíráìtì. Ẹ má tíì yọ̀: náítíráìtì náà ń pa ẹja, á wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, á sọ ọ́ di àwọ̀ kọfí, ẹ̀jẹ̀ ò sì ní í lè gbé èémí mọ́. Ìsọ̀rí kejì ló máa wá jẹ ìyẹn, tí á sọ ọ́ di náítíréètì, tí kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára, téèyàn kàn lè máa bu ìdámẹ́rin omi dànù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kó fi dín in kù. Ará Rọ́ṣíà kan, Sergei Winogradsky, ló yà wọ́n sọ́tọ̀ tó fi iṣẹ́ wọn hàn ní 1890. Ọdún 1890! Èkó ò tíì níná mànàmáná nígbà yẹn. Ọ̀rọ̀ náà sì wà lójú ọ̀nà di òní, kò tíì dé ọ̀dọ̀ ọmọkùnrin tó ta ẹja fún mi.

Ohun tó wá dùn mí jù ni pé ara fóòmù àti ara òkúta ni wọ́n ń gbé, òkúta tí mo fi kàn-ìn-kàn-ìn bó. Wọn kì í sì í kánjú. Kòkòrò tó ń ba ọbẹ̀ jẹ́ lè di méjì láàárín ogún ìṣẹ́jú. Àwọn wọ̀nyí, ó lè gbà wọ́n ní odindi ọjọ́ kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ni kí wọ́n tó pọ̀ tó. Wọn kì í sì í wá síbi tí kò sí oúnjẹ. Mo ní ta ló máa wá fún wọn lóúnjẹ nígbà tí ẹja ti kú tán?

"Ẹ̀yin ni, Àǹkù."

A gbé Aṣẹ́kù sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà ní kíṣíìnì, àwọn ìbejì ń pààrọ̀ ìdajì omi rẹ̀ lójoojúmọ́, omi bọ́ọ̀hò tá a ti jẹ́ kó sùn nínú dúrọ́ọ̀mù mọ́jú, kí irin rẹ̀ rọ̀ sísàlẹ̀, ká fi aṣọ sẹ́ òkè rẹ̀. Èmi wá di ẹni tó ń bọ́ omi. Lálaalẹ́, tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, n ó dúró níwájú àpótí tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, n ó mú oúnjẹ ẹja díẹ̀ láàárín ìka méjì, n ó wọ́n ọn sí i. Omi ń dún kùlù-kùlù, igi ọ̀pẹ oníke ń mì, kò sẹ́ni tó wá jẹun. Ọjọ́ kẹta tí mo ń ṣe é ni láńlọ́ọ̀dù wá gba owó iná, ó bá mi lẹ́nu rẹ̀.

"Bàbá Ìbejì, ta lẹ̀ ń fún lóúnjẹ?"

Mo ní, "Omi ni, Alhaji."

Kò bèèrè owó iná mọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo ilé ti gbọ́ pé mò ń bọ Yemọja ní pálọ̀, pé ṣé wọn ò rí i pé Odò Ògùn kò jìnnà sí wa. Ìyá tó ń gbé ìsàlẹ̀ ò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ wá bá tiwa ṣeré fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ìyàwó mi ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ ò kúkú kọ́ aṣọ funfun kó lè pé."

Omi tó ń kan tún ń dá kòkòrò lọ́wọ́ kọ́, nítorí náà ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní kí n lọ wá ìkarahun ìsáwùrú, kí n fọ̀ ọ́, kí n dì í sínú àwọ̀n, kí n fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ fíltà, á máa pa kíkan omi náà díẹ̀díẹ̀. Mo lọ sí ọjà Kẹ́tù. Mo ní ìkarahun nìkan ni mo fẹ́. Obìnrin náà ní, "Ẹran inú rẹ̀ ńkọ́?" Mo ní kó máa mú un. Ó wò mí tìtì, ó gba owó, ó sì yáa sún àtẹ rẹ̀ kúrò níwájú mi.

Mo ra ohun tí wọ́n fi ń yẹ omi wò náà. Ẹ ó bu omi sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ ó kán oògùn sí i, ẹ ó dúró. Tó bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú bíi gààrí elépo tí epo rẹ̀ kò tó, kò sí amóníà. Tó bá di àwọ̀ ewé, ó wà níbẹ̀. Ti náítíráìtì, àwọ̀ ojú ọ̀run ni ire, elésè àlùkò ni ibi. Ọ̀sẹ̀ kìíní, ewé. Ọ̀sẹ̀ kejì, ewé, elésè àlùkò sì yọjú. Mo pariwo! Ìyàwó mi sáré jáde láti yàrá, ó rò pé wọ́n ti bá mi san gbèsè. Mo ní náítíráìtì ti dé. Ó ní ṣé ó ń sun ibí ni?

Iná wá ni ọ̀ràn. Àwọn kòkòrò yìí ń mí bíi tiwa. Tí fíltà bá dákẹ́ fún wákàtí bíi mélòó kan, atẹ́gùn á tán nínú fóòmù, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ẹ̀yin náà mọ bí iná ṣe ń rí lọ́dọ̀ wa. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún 2023, jẹnẹrétọ̀ kékeré wa tí à ń pè ní "I better pass my neighbour" ti di ohun ọ̀ṣọ́. Àlejò pàtàkì nìkan là ń tan án fún. Ní báyìí, mò ń tan án fún omi. Òru kan, ooru mú, ìyàwó mi ń fi páálí fẹ́ ara rẹ̀, ó wo bí atẹ́gùn ṣe ń hó nínú àpótí, ó ní, "Ẹni tí wọ́n fẹ́ sílé kò rí afẹ́fẹ́, omi ń rí i." Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo dákẹ́. Lọ́jọ́ kejì mo lọ ra ẹ̀rọ atẹ́gùn tó ń lo bátìrì.

Alhaji míì kan tún wà lẹ́yìnkùlé wa tó ń sin ẹja àrọ̀ nínú tapólì. Omi rẹ̀ dúdú ju omi ọ̀gbàrá lọ, òórùn rẹ̀ lè jí òkú. Àwọn ẹja náà sanra, wọ́n ń dán, wọ́n ń ta bí ẹṣin. Àrọ̀ ní ohun kan lórí tó fi ń gba afẹ́fẹ́ òkè sínú, tómi bá bà jẹ́, á kàn yọrí síta, á gbé e mì, á padà. Mo ro ẹjọ́ mi fún un. Ó ní, "Ẹja tí kò lè gbé Kẹ́tù, kó máa padà sí Ṣáínà." Òótọ́ ni, ọ̀dọ̀ àwọn ará Ṣáínà ni wọ́n ti kọ́kọ́ sin goldfish, ó ti lé lẹ́gbẹ̀rún ọdún, omi tútù ló sì fẹ́ràn, bẹ́ẹ̀ ọ̀pá amómigbóná ni wọ́n tà mọ́ ọn fún mi.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wá bu iyọ̀ sí ojú ọgbẹ́. Ó ní ẹja kékeré kan wà, Fundulopanchax gardneri, tí akọ rẹ̀ búlúù tó ní tóótòòtó pupa lára, tí kò gùn ju ìka lọ. Àwọn tó ń sin ẹja ọ̀ṣọ́ ní Jámánì àti Amẹ́ríkà ń tọ́ ọ, wọ́n sì ń pe irú kan nínú rẹ̀ ní "Akure", torí apá Àkúrẹ́ ni wọ́n ti rí i. Omi tó rọ̀ tó sì kan díẹ̀ kì í bí i nínú. Òyìnbó ń sin ará Àkúrẹ́, èmi tí mo fẹ́ ọmọ Àkúrẹ́ ń fi jẹ́nẹ́ tọ́ ará Ṣáínà.

Àkúrẹ́ yìí náà sì ni ìyá ìyàwó mi ti wá ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún.

Ẹ mọ irú ìyá bẹ́ẹ̀: tó bá wọlé tí kò rí ìdọ̀tí, á wá a. Elésè àlùkò ti ń ṣí kúrò nígbà yẹn, ó ku bí ọjọ́ mẹ́ta kí omi mi pé. Mo lọ síbi òkú ọ̀gá mi kan ní Ìkòròdú lọ́jọ́ Sátidé. Ìgbà tí mo dé, pálọ̀ ń ta sánsán. Àpótí náà ń dán bíi ti ṣọ́ọ̀bù. Òkúta búlúù náà búlúù ju bí mo ṣe rà á lọ. Fóòmù wà lórí okùn aṣọ, ó ń kán tó-tó-tó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìró.

Wọ́n ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ káàbọ̀. Mo ti bá yín tún ilé ẹja yín ṣe. Ìdọ̀tí tí mo bá nínú fóòmù yẹn! Ìgbà mẹ́ta ni mo fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́. Mo rí ìkarahun ìsáwùrú kan níbẹ̀, mo ti bá yín dà á nù."

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Epo jẹ́nẹ́. Orúkọ mi láàárín àwọn ayálégbé. Omi ẹnu bọ́ọ̀hò ni wọ́n sì fi kún un tààrà, ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni láńlọ́ọ̀dù da kílórínì sínú bọ́ọ̀hò nítorí òjò, kílórínì tó jẹ́ pé iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é ni kó pa kòkòrò. Kí ló kù tí mo lè sọ? Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo ní, "Ẹ ṣé, Màmá. Ẹ kú iṣẹ́." Mo wọ yàrá, mo dojú kọ ògiri.

Láti kíṣíìnì ni mo ti gbọ́ ohùn wọn lẹ́ẹ̀kan sí i: "Ẹja inú bọ́kẹ́ẹ̀tì yìí, ṣé òun la fẹ́ fi se ọbẹ̀ alẹ́? Kò mà tó èèyàn méjì." Igbe tí Kẹ́hìndé ké, wọ́n gbọ́ ọ dé Mile 12.

Ọ̀rẹ́ mi kan ń gbé Agílítì. Nígbà òjò tí Odò Ògùn bá kún, tí wọ́n tún ṣí omi sílẹ̀ láti ìdídò Ọ̀yán, tí Ààrẹ Ṣéhù Ṣàgàrí ṣí ní 1983, omi máa ń wọ ilé wọn dé orí bẹ́ẹ̀dì. Mo lọ sunkún sí i lọ́rùn. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Ìwọ ń náwó kí omi lè gbé pálọ̀ rẹ. Tèmi wá láìpè. Ẹja wà nínú rẹ̀ o, kò bi mí ní fíltà."

Mo tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, mo lọ sí Abẹ́òkúta fúnra mi, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gé fóòmù tó ti gbó lára ti ẹja tòun fún mi, bí oníbúrẹ́dì ṣe ń fún ara wọn ní ìwúkàrà. Ó dì í sínú ọ̀rá pẹ̀lú omi rẹ̀, ó ní kí n má jẹ́ kó gbẹ, kí n má jẹ́ kó gbóná. Mo gbé e lé itan láti Abẹ́òkúta dé Bẹ́gà. Obìnrin tó jókòó tì mí fọwọ́ bo imú, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ gbé?" Mo ní fóòmù ni. Ó ní fóòmù kí ni? Mo ní ó máa gùn tí mo bá ní kí n sọ ọ́, ó sì sún mọ́ fèrèsé.

Ọjọ́ kejìdínlógún, ìgò kìíní pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ìkejì ní àwọ̀ ojú ọ̀run. Mo yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo gbé ìgò sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, mo pe ìyàwó mi wá jẹ́rìí. A gbé ọ̀rá Aṣẹ́kù lé ojú omi títí tí ooru inú àti ti ìta fi dọ́gba, a sì tú u sílẹ̀. Ó yí ká lẹ́ẹ̀kan, ó lọ fimú kan igi ọ̀pẹ, kò yanu. Ẹnìkan ṣoṣo náà ló wà níbẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́wàá rèé, torí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má tíì fi òmíràn sí i.

Ní àárọ̀ yìí ni ìyá ìyàwó mi pè. Wọ́n ní ọkàn àwọn ń fà sí àwọn ìbejì, àwọn ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀, pé ṣé mo ti ń rí ààyè fọ ilé ẹja yẹn dáadáa.

Mo ti kó gbogbo ọṣẹ ilé pamọ́ sí ọ́fíìsì. Ẹni tó bá mọ káfíńtà tó lè kan àgádágodo mọ́ gíláàsì kó má fọ́, ẹ jọ̀ọ́, ó ku ọjọ́ mẹ́rin.